Ẹsẹ̀ Tó Dúró

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kó tó kúrò nílẹ̀, kó gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ tó fẹ́ gbá a. Ẹsẹ̀ kejì ni kó máa wò, èyí tí agbábọ́ọ̀lù náà fi dúró. Bí ìka ẹsẹ̀ yẹn bá kọjú sí igun àwọ̀n, igun àwọ̀n ni bọ́ọ̀lù máa fẹ́ lọ. Bó bá kọjú sí ibi tí àwọn òǹwòran jókòó sí, kí àwọn òǹwòran yáa dìde. Láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó bá jókòó tì mí ní pápá ìṣeré Rwang Pam níbí ní Jos. Àwọn àgbà bíi tèmi a mi orí. Àwọn ọ̀dọ́ a rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìlú tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín yẹn kì í ṣe ìlú tí bọ́ọ̀lù ṣàjèjì sí. Ní 1972 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá líìgì orílẹ̀-èdè yìí, Mighty Jets ti Jos ló gbà á. Ní 2017, Plateau United tún gbà á. Ibí ni wọ́n bí Mikel Obi sí ní 1987, ibí náà ni wọ́n bí Ahmed Musa àti Ogenyi Onazi sí ní 1992. Bí èèyàn bá sì ti ń ka orúkọ, àwa Yorùbá orí òkè yìí ò ní jẹ́ kó gbàgbé tiwa. Láti ìgbà ìwakùsà tíìnì àti ọkọ̀ ojú irin ni àwọn èèyàn wa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ti ń ṣòwò nílùú yìí, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà ń sọ Hausa bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sí ní 1952, ṣùgbọ́n Jos ló ti dàgbà. St. Theresa's ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, St. Murumba's ló ti ka ti girama. Orí ilẹ̀ pupa yìí ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí Ìbàdàn tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Ní tèmi, Ọdẹ́gbàmí ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ìdúró ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kì í ṣe agbára itan. Ẹni tó bá rí i nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn mọ̀ pé ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kò sí itan ńlá, kò sí àyà gbàgbàdà. Ernest Okonkwo, ẹni tí ohùn rẹ̀ lórí rédíò mú kí gbogbo Nàìjíríà máa fi etí wo bọ́ọ̀lù, ló sọ ọ́ ní "Mathematical". Ó wà lára àwọn tó gba ife àwọn olúborí ife ilẹ̀ Áfíríkà fún IICC ní 1976, ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà máa gbà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó, ó gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé Algeria kí wọ́n tó lọ sinmi, ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì péré. Mudashiru Lawal fi ẹ̀kẹta lé e, ó di 3–0. Ìgbà mẹ́tàlélógún ni Ọdẹ́gbàmí gbá a wọlé fún Nàìjíríà, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé agbára itan ló fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó fi ṣe é, torí kì í ṣe awo. Atamátàsé tó mọṣẹ́ kì í sáré tọ bọ́ọ̀lù lọ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bọ̀, ní ìdábùú díẹ̀, kí ìbàdí lè ráyè yí. Ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi dúró á wá balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù. Kò gbọdọ̀ balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá iwájú rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ ju gígùn ẹsẹ̀ kan lọ. Orúnkún ẹsẹ̀ náà á tẹ̀ díẹ̀. Bó bá gan, gbogbo ara á gan tẹ̀ lé e. Bó bá tẹ̀ jù, ara á rì, ẹsẹ̀ kejì á sì máa họ ilẹ̀.

Ìdí tí ibi tí ẹsẹ̀ yẹn balẹ̀ sí fi ṣe pàtàkì kò le. Ẹsẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í rìn ní ìlà gbọọrọ. Ó ń fì wá sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó tún ń fì lọ sókè níwájú, abẹ́ ara sì ni ibi tó ti rẹlẹ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ ìdúró bá kù sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kó tó kan bọ́ọ̀lù. Ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù ló máa bá, á sì gbé e. Ara náà á ti fà sẹ́yìn, àyà á ti kọjú sí ọ̀run. Ní Rwang Pam, bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ò ní ṣàì pariwo pé bọ́ọ̀lù ti dé Bukuru, ìlú tó wà nítòsí wa. Ṣùgbọ́n bí àyà bá wà lórí bọ́ọ̀lù, tí orí tẹ̀ ba, tí ojú ń wo ibi tí ẹsẹ̀ máa bá gan-an, bọ́ọ̀lù á sá lọ nílẹ̀ tàbí kó ga níwọ̀n. Ilé tí wọ́n ń gbá a sí kì í ṣe kékeré: 7.32 mítà ní fífẹ̀, 2.44 mítà ní gíga. Ó yẹ kó máa ya èèyàn lẹ́nu pé a ń gbá a kọjá lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ti iṣan ló ṣòro jù láti fi yé ọmọdé, nítorí kò bá ohun tó ń rò mu. Ọmọ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kíkankíkan a di ẹ̀ṣẹ́, a wa eyín pọ̀, a gbé èjìká sókè. Ó rò pé agbára lòun ń kó jọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú itan rẹ̀ yàtọ̀. Iṣan ńlá tó wà níwájú itan ló ń na orúnkún. Èyí tó wà lẹ́yìn itan ló ń ká a. Bí tiwájú bá ń fà, ó yẹ kí tẹ̀yìn tú. Bí ọmọ náà bá ti fún gbogbo ara pọ̀, ọ̀kan á máa na orúnkún, ìkejì á máa dì í mú, ẹsẹ̀ á wá lọ́ra, á sì máa gbọ̀n. Ẹni tó tú ara sílẹ̀ ló ń yára. Ìbàdí ló kọ́kọ́ ń yí, itan á tẹ̀ lé e. Nígbà tí itan bá wá dẹwọ́, ojúgun á já wọ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú gbogbo eré tí àwọn tó ṣáájú ti kó jọ fún un. Ìparí ni iṣẹ́ iṣan ẹ̀yìn itan pọ̀ sí: òun ló ń fa ẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti lọ, kí orúnkún má baà nà kọjá ààlà. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí jẹ́ fún itan, ìdí sì nìyẹn tí iṣan ibẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, fi tètè máa ń já lára ẹni tí kò mú ara gbóná.

Ibì kan ṣoṣo nínú ẹsẹ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ le gbọn-in nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù: ọrùn ẹsẹ̀. Ìka á kọjú sílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ò ní mì, egungun tó wà lábẹ́ okùn bàtà sì ni bọ́ọ̀lù á bá. Àkókò tí ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù fi ń kan ara wọn ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kò sí ẹni tó lè tún nǹkan kan ṣe láàárín ìyẹn. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ̀, eré tí ìbàdí àti itan gbé wá á ṣòfò síbẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì yà bàrá. Nígbà tí àwa ń gbá a láì wọ bàtà, òkúta ló kọ́ wa ní èyí. Ẹni tó bá fi ìka ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ Jos kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a níwájú àwọn òyìnbó. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bàtà tó nípọn ti gba iṣẹ́ olùkọ́ kan, ó sì yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ẹnu ara rẹ̀ dí àyè yẹn.

Ọwọ́ ńkọ́? Ẹ wo ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á ṣí lọ sẹ́yìn, àyà rẹ̀ á là, lẹ́yìn náà ọwọ́ yẹn á gbá wá síwájú bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí òkè ara dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fífì ẹsẹ̀ á yí olúwa rẹ̀ po. Ikùn àti ẹ̀yìn ló so àwọn méjèèjì pọ̀, ìwọ̀nba àwọn ọmọ ló sì ń rántí pé ikùn wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọdẹ ilé wa máa mọ ohun tí mò ń wí. Ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn kì í kọ́kọ́ ronú kan ìka tó máa fà á. Á wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀, á fi ìdí ìbọn ti èjìká, á mí jáde díẹ̀, á dákẹ́, ìka á wá rọra fà á. Èyí tó bá já a gbà, ẹran á lọ. Òótọ́ ni pé ọdẹ dúró sójú kan, tí atamátàsé ń sáré, tí ẹnì kan tún ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níbi ti ìdúró àti èémí, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ̀rí kejì ni Ahmed Musa, òun náà kì í ṣe òmìrán. Eré sísá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, eré yẹn sì ń jẹ́ kí èèyàn fojú fo ohun tó ń ṣe nígbà tó bá dẹ eré. Nínú Ife Àgbáyé, ní Porto Alegre, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2014, Messi ti gbá ọ̀kan wọlé fún Argentina ní ìṣẹ́jú kẹta. A ò tíì pa ẹnu dé tí Musa fi gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ó gé e wọnú sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fi inú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ́lé lọ sí igun tó jìnnà. Ó tún gbá òmíràn wọlé lẹ́yìn ìsinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3–2 ni wọ́n fi nà wá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2018, ó di ti Iceland ní Volgograd. Victor Moses gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún. Musa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún mú un lórí eré, ó jẹ́ kó balẹ̀, bó sì ṣe ń ta sókè ló gbá a wọlé.

Ohun tó wà láàárín ìgbà tó mú un àti ìgbà tó gbá a ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wò. Ẹni tí àyà ń já ì bá ti gbá a lófuurufú. Musa dúró dè é, ó sì ráyè fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ dáadáa kó tó ṣe ohunkóhun. Nígbà tó yá, ó gé adènà kan, ó gé aṣọ́lé, ó fi ìkejì sí i, ó di 2–0. Ìdùnnú ọjọ́ yẹn ní Jos, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ tán.

Ó wá ya mí lẹ́nu pé ẹni tí ìdúró rẹ̀ dára jù lọ nínú gbogbo àwọn ọmọ ìlú yìí tí mo ti rí, kì í fẹ́ gbá a sílé rárá. Mikel ni mò ń bá wí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sún mọ́ ọn tó tí ara rẹ̀ á fi ṣe wóyowòyo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣìnà, orí rẹ̀ kì í wálẹ̀. Ó lo ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá ní Chelsea, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló sì gbá wọlé nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé Fulham, ní oṣù Kẹsàn-án 2013. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un níbẹ̀ ni kò jẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, iwájú ló ń gbá a. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí díẹ̀, ẹ dárí jì mí.

Nǹkan méjì wà ní Jos tí àwọn tó wà ní etí òkun ò ní láti rò. Òtútù ni èkíní. Láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kìíní, ọyẹ́ orí òkè yìí kì í ṣe ohun àwàdà. Iṣan tó tutù kì í tètè fà, kì í sì í tètè tú. Ọmọ tó bá ti abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí pápá ní òwúrọ̀, tó ní òun fẹ́ fọ́ àwọ̀n pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ìyọnu ló ń wá. Kó sáré jẹ́jẹ́ ná, kó yí ìbàdí, kó fi ẹsẹ̀ fì láì sí bọ́ọ̀lù, kó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí.

Ìkejì ni afẹ́fẹ́. Ìlú yìí ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Èkó lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ìdajì kejì tó parí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bọ́ọ̀lù pàápàá mọ̀ ọ́n lára. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kì í fà á sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ń yára, ó ń jìnnà, kì í sì í fẹ́ tẹ̀ bí èèyàn bá fẹ́ kó tẹ̀. Wọ́n rí i ní Johannesburg nígbà Ife Àgbáyé 2010. Ìlú yẹn ga tó 1,750 mítà, bọ́ọ̀lù ń fò kọjá lórí ilé, gbogbo ẹnu sì ń bú Jabulani, bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n ṣe fún ìdíje náà. Ó lẹ́jọ́ tirẹ̀ láti jẹ́, ṣùgbọ́n òkè náà lọ́wọ́ sí i. Àṣìṣe kékeré tí àyà bá ṣe ní Èkó, bó bá jẹ́ Jos ni, ó ti di ti Bukuru. Bí àwọn ọmọ wa bá kọ́ láti fi àyà bo bọ́ọ̀lù, kì í ṣe tìtorí pé wọ́n gbọ́ràn ju àwọn ọmọ ibòmíràn lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé ló fà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ta aṣọ ní ọjà Terminus títí ọjà náà fi jóná ní 2002. Kò gbà pẹ̀lú mi rárá. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó dúró, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Yékínì ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Rashidi Yékínì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlógójì wọlé fún Nàìjíríà, òun ló sì gba ipò agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 1993. Ara rẹ̀ kún, ìbọn rẹ̀ sì ń dún. Ọ̀rẹ́ mi ò ní dúró síbẹ̀, á tún gbé Teslim Balogun jáde, ẹni tí wọ́n ń pè ní "Thunder", tó lọ sí Peterborough ní 1955, tó sì wá lọ sí Queens Park Rangers, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa agbára ẹsẹ̀ Balogun, bí mo bá ní kí n gba ìdajì rẹ̀ gbọ́, kò ní sí aṣọ́lé kan tó máa ṣẹ́ kù láyé.

Mo máa ń rán an létí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994 ní Dallas. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé láti ìgbà tí ayé ti dáyé, Yékínì ló gbá a sílé Bulgaria, ó sì di àwọ̀n mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sunkún. Gbogbo wa rántí ẹkún yẹn. Ta ló rántí bí bọ́ọ̀lù náà ṣe wọlé? Finidi, tí wọ́n jọ ń gbá a, ló tì í kọjá níwájú ilé, Yékínì kàn fi ẹsẹ̀ kàn án ni. Ọ̀rẹ́ mi a ní ìyẹn ò dáhùn ìbéèrè òun. Òótọ́ ló sọ, kò dáhùn rẹ̀, torí Yékínì gbá àwọn míràn tí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé pàápàá ní láti sá fún. Agbára wà, mi ò sẹ́. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó lọ wá fídíò àwọn bọ́ọ̀lù líle yẹn, kó má wo ẹsẹ̀ tó gbá wọn. Kò tíì wò ó. Ó ní iná kì í sí.

Bí mo bá rí àyè bá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ìlú yìí sọ̀rọ̀, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kò gba owó. Kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù tó dúró bẹ̀rẹ̀, kó má jìnnà ju mítà mọ́kànlá tí wọ́n ti ń gba pẹ́náítì lọ. Kí wọ́n da eérú yí bọ́ọ̀lù ká, kí ọmọ sáré wá gbá a, kí gbogbo wọn wá pagbo wo ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú eérú. Ojú ẹsẹ̀ kì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí àwọn ọmọ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí wọ́n dijú, títí itan á fi mọ bó ṣe ń di ara mú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sáré tó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, ìgbà yẹn gan-an ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tún ní kí wọ́n gbá a, nítorí ara tó rẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn nínú ìdíje sì ni ara máa ń rẹ gbogbo èèyàn.

Ó ku ti pápá. Kí rògbòdìyàn Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ní Jos ní oṣù Kẹsàn-án 2001 tó dé, ọmọ àdúgbò kan a máa rìn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò kejì láì sí ẹni tó ń bi í bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Pápá tí gbogbo wọn ṣì ń jọ pàdé lónìí ò pọ̀ mọ́, àwọn tó kù sì kún fún òkúta àti kòtò. Ọmọ tí kò dá ibi tó fẹ́ fẹsẹ̀ lé lójú á máa wo ilẹ̀ dípò bọ́ọ̀lù, á máa tọ̀ ọ́ lọ ní ìbẹ̀rù-bojo, á gbé ẹsẹ̀ ìdúró kalẹ̀ sẹ́yìn níbi tó ti rọrùn fún un, lẹ́yìn náà a ó máa bú u pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọjọ́ Sátidé kan tí gbogbo àdúgbò bá jọ jáde tó láti ṣa àwọn òkúta náà kúrò.